Bébà Tẹ́ẹ́rẹ́ Tí Mo Yọ Nínú Síkẹ́ẹ̀tì Màmá Vivian

Ẹ bá mi pa jẹnẹrétọ̀ yẹn. Mo ní ẹ pa á, ìrẹsì yín ò ní sálọ. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi aránṣọ Òkìtìpupa, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọṣẹ́ tí ẹ tò sẹ́yìn tí ẹ ń fi fóònù ya fọ́tò, ẹ jókòó. Mo mọ̀ pé ẹ ń retí kí n gbé àlùmọ́gàjí lé Vivian lọ́wọ́, kí n gbàdúrà, kí ẹ ṣe àmín, kí oúnjẹ sì máa yí ká. Àlùmọ́gàjí náà rèé. Ṣùgbọ́n kí ó tó kúrò lọ́wọ́ mi, òtítọ́ kan gbọ́dọ̀ ti ẹnu mi jáde lónìí, ẹnu tèmi gan-an ló sì gbọ́dọ̀ ti jáde, torí bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, ẹ ó ní irọ́ ni, ẹ ó ní Mọ̀rìdíyà ò lè ṣe irú ẹ̀. Mọ̀rìdíyà ṣe é. Ojú mi rèé, mi ò bò ó.

Ẹ má wo ara yín bẹ́ẹ̀ yẹn. Orí mi pé, ara mi le, mo jẹ púpurú àti ẹja yó kí n tó kúrò nílé. Kì í ṣe ikú ló ń kan ilẹ̀kùn mi tí mo fi ń jẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tí Màmá Vivian sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá ló gbé mi dìde. Ẹ mọ̀ ọ́n, ìyá ọmọ tí a ń ṣe fírídọ̀mù fún, òun ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Philemon ọkọ rẹ̀ yẹn, tó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Abẹ́ gèlè tó tẹ́ sórí itan ló tì í bọ̀. Ẹ rántí ọwọ́ yẹn, torí òun gan-an ni mo ń tìtorí ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kò kọ́ṣẹ́ nílé tiwa, ẹ gbọ́. Lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, Màmá Aníwúrà, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn, ọ̀gá nìkan kì í gbé àlùmọ́gàjí fún ọmọ tó bá gba òmìnira. Ọ̀gá á di ẹnu rẹ̀ mú, ìyá ọmọ á di ìdí rẹ̀ mú, wọn á jọ gbé e lé ọmọ lọ́wọ́. Màmá Aníwúrà ní ìyá ló kọ́kọ́ kọ́ ọmọ ní ọwọ́, ọ̀gá kàn bá a tún un ṣe ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún mi, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ti ń ṣe fún gbogbo ọmọ tó ti ọ̀dọ̀ mi jáde. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ sí Ìyànsàn lọ́sẹ̀ tó kọjá láti sọ fún Màmá Vivian pé kó múra. Ìdí agbada gàrí ni mo ti bá a. Ó nu ọwọ́, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Àǹtí mi, n ó wá. N ó jẹun, n ó jó títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣùgbọ́n n ò ní fọwọ́ kan àlùmọ́gàjí yẹn. Ẹ̀yin náà lẹ sọ fún mi nígbà yẹn pé ọwọ́ mi ò bá aṣọ mu. N ò fẹ́ kó ran ọmọ mi." Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Kò bínú. Ìyẹn gan-an ló pa mí. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan péré, tí mo jẹun lé lórí, tí mo sùn, obìnrin yìí ti gbé e sáyà títí ọmọ tó wà ní pírámárì fi di ọmọge. Mo wọ ọkọ̀ padà sí Òkìtìpupa, mi ò mọ ìgbà tí a kọjá ibì kankan.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilé kan náà ni èmi àti Màmá Vivian ń gbé nígbà yẹn, lẹ́yìn ọjà, yàrá wa kọjú síra. Mùsùlùmí ni mí, onígbàgbọ́ ni, kò sì dí wa lọ́wọ́. Bó bá di iléyá, Vivian á jẹ ẹran títí inú á fi run ún. Bó bá di Kérésì, abọ́ ìrẹsì tiwa ló ń kọ́kọ́ kúrò nílẹ̀. Èmi ni mo dàgbà jù ú lọ, ó sì ń pè mí ní Àǹtí mi tọkàntọkàn. Èmi ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ níwájú ilé, òun ń bá ọkọ rẹ̀ ta ẹ̀gẹ́ àti epo. Kò sí ìjà. Èmi ni aránṣọ, òun ni aládùúgbò, mo sì rò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí lọ.

Àfi bí àbúrò rẹ̀, Mildred, tó ń kàwé ní Àkúrẹ́, ṣe fi bébà ránṣẹ́ sí i. Bébà funfun lásán, irú èyí tí wọ́n fi ń tẹ̀wé ní ibi kọ̀ǹpútà, ọ̀pọ̀ rẹ̀, ìlà dúdú wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Pátánì síkẹ́ẹ̀tì ni, láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Màmá Vivian tẹ́ wọn sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan kan ẹ̀gbẹ́ èkejì, ó ń fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ wọ́n pọ̀ títí ó fi di bébà ńlá tó fẹ̀ bí ẹní. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màmá Vivian, ṣé bébà ni yóò máa sọ ibi tí ìdí obìnrin parí sí fún ọ ni?" Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí mi, bébà ò mọ̀dí o, ṣùgbọ́n ó mọ ínṣì." Ẹ̀yin aránṣọ, ẹ mọ̀ pé a kì í fi bébà gé aṣọ níbí. Téèpù lọ́rùn, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, ojú ló kù. Bí mo bá wo obìnrin kan lẹ́ẹ̀kan, mo ti mọ ibi tí n ó gé. Mo mọ̀ ọ́n gé nígbà yẹn, mo ṣì mọ̀ ọ́n gé. Mo wá ń wò ó pé kí ni ti obìnrin tó ń rán aṣọ nínú yàrá, lórí máṣíìnì tí a ń fi ọwọ́ yí, tí kò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. À ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó ń yọjú.

Síkẹ́ẹ̀tì àróso ni. Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa, òun ló sọ ṣọ́ọ̀bù mi di ohun tó dà. Kò ní sípì, kò ní bọ́tìnì. Wàá ró o mọ́ra bí ìró, apá ọ̀tún á kọjá dáadáa lórí apá òsì, okùn rẹ̀ gígùn á gba inú ihò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí, wàá fi yí ìdí po, wàá so ó. Lókè ó mú ara, nísàlẹ̀ ó fẹ̀ gbàràgàdà, bí èèyàn bá ń rìn, aṣọ á máa fẹ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Màmá Vivian rán tirẹ̀ tán, ó wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi. Nígbà tó ń bọ̀, àwọn obìnrin tẹ̀ lé e délé. Oníbàárà mi ni wọ́n! Wọ́n gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá, wọ́n kí mi, "Àǹtí Mọ̀rìdíyà, ẹ kú ìsinmi o," wọ́n wọ yàrá rẹ̀ lọ. Mo jókòó sídìí máṣíìnì bí ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ kọjá níwájú rẹ̀.

Mo ní èmi náà á gé tèmi. Mo fi ojú gé e bí mo ṣe ń gé gbogbo nǹkan. Ó rọ̀ gbọọrọ bíi kọ́tìnì ilé ìwẹ̀. Mo gé òmíràn, ó lọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ba aṣọ oníbàárà jẹ́, mo sì wo ojú obìnrin náà, mo ní aṣọ tó rà ni kò dáa. Ẹ ò rí i pé irọ́ ti wà lẹ́nu mi kí ọ̀rọ̀ tó dé ibi tó burú? Ó yẹ kí n bi Màmá Vivian pé báwo ló ṣe ń ṣe é, kí obìnrin náà sì kọ́ mi tayọ̀tayọ̀, torí ọ̀yàyà ni, agídí ò jẹ́. Ó sì ní àṣà kan tó máa ń bí mi nínú. Bó bá wá yá àlùmọ́gàjí mi, á ta omi sí àkísà díẹ̀, á gé e wò, á yí ojú sí mi, á ní, "Àǹtí mi, kò mú o. Ta ló pọ́n ọn?" Àwàdà ló ń bá mi ṣe. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń fi àlùmọ́gàjí jẹun, kí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ máa sọ fún mi pé tèmi ò mú! Mo ń rẹ́rìn-ín lójú lásán.

Ìgbà tí ilé-ìwé Vivian wá fẹ́ ṣe ọjọ́ ìfúnnilẹ́bùn, àwọn ọmọbìnrin máa jó, wọ́n ní síkẹ́ẹ̀tì àróso aláwọ̀ òféèfé ọsàn ni kí wọ́n wọ̀. Ṣé mo sọ pé ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n gbé e wá? Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni. Tíṣà náà gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá bí àwọn yòókù. Mildred tún fi pátánì mìíràn ránṣẹ́, ti ọmọdé, èyí tí Màmá Vivian kò tíì lò rí. Ó lẹ̀ ẹ́ pọ̀ tán lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, òjò sì ṣú. Ó ní púpurú lórí iná lẹ́yìnkùlé, ó fẹ́ lọ bò ó. Ó sáré kan ilẹ̀kùn mi, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jókòó nínú yàrá díẹ̀. Fèrèsé yẹn ò ṣe é tì dáadáa, kí òjò má lọ ba bébà mi jẹ́." Ẹ gbọ́ ọ bí? Èmi ló fi ṣọ́ bébà.

Mo wọlé. Bébà náà tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo wò ó, ó sì yé mi lẹ́ẹ̀kan náà, torí iṣẹ́ mi ni. Mo rí ẹ̀yìn, mo rí iwájú, mo rí ibi tí apá kan ti máa ń kọjá lórí èkejì. Gbogbo àṣírí síkẹ́ẹ̀tì yẹn, ibi ìkọjá yẹn ni. Bó bá fẹ̀, aṣọ á pa ara rẹ̀ dé bí èèyàn tiẹ̀ ń fò. Bó bá kéré, á pa dé bí èèyàn bá dúró, á sì là bó bá yí. Àsítáfúrúlà! Ṣé ẹ rántí pé lílẹ̀ ni wọ́n lẹ bébà náà pọ̀? Oríkèé rẹ̀ pọ̀. Bí èèyàn bá yọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti òkè dé ìsàlẹ̀ nídìí oríkèé, tó sì lẹ ìyókù padà, ta ni yóò mọ̀? Àlùmọ́gàjí rẹ̀ wà nílẹ̀, sẹ́lótéèpù rẹ̀ wà nílẹ̀. Mo gé e. Mo lẹ̀ ẹ́ padà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ò bá ara mu mọ́, mo mú bírò ọmọ rẹ̀ lórí tábìlì, mo fa ìlà náà kó tẹ̀ dáadáa. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n. Ọwọ́ tí Màmá Aníwúrà kọ́ ni, mo sì fi gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi ṣe ìkà náà kó lè mọ́.

Hàwáù, má wolẹ̀. Hàwáù tó ń ta aṣọ nílé kejì rèé, ọ̀rẹ́ mi ni, kò sì ní bínú pé mo dárúkọ òun, bó bá sì bínú, ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló yọjú láti fèrèsé nítorí òjò, ó sì bá mi pẹ̀lú sẹ́lótéèpù lẹ́nu. Ó ní, "Kí lò ń ṣe?" Mo ní mò ń bá a tún un lẹ̀ ni. Ó wo bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi, ó wo ojú mi, ó ní, "Mi ò rí nǹkan kan o, Mọ̀rìdíyà." Ó fa orí rẹ̀ sẹ́yìn. Mo ká bébà náà, mo tì í bọ àyà. Màmá Vivian wọlé, òjò ti pa á, ó ń dúpẹ́. Ó ní, "Ẹ ṣé, Àǹtí mi. Kò ta sí i rárá."

Ẹ rò pé ibi tó burú jù nìyẹn? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Lọ́jọ́ tó rán ti Vivian tán, ọmọ náà sáré wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, síkẹ́ẹ̀tì òféèfé lára rẹ̀, eyín rẹ̀ kan ti yọ níwájú. Ó ní, "Àǹtí, ó dáa?" Ó fẹ́ yí kí aṣọ náà fẹ́. Bó bá yí níwájú ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn, ìyá rẹ̀ á rí i, á tún un ṣe, gbogbo rẹ̀ á tán síbẹ̀. Mo di èjìká rẹ̀ mú. Mo ní, "Rárá, dúró jẹ́ẹ́. Má yí i, kó má baà rún kí ọjọ́ tó pé." Ó dúró. Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Vivian, ṣé o rántí? Má dá mi lóhùn. Mo rí i lójú rẹ pé o rántí.

Ọjọ́ náà pé. Pápá ilé-ìwé kún. Mo lọ, mo jókòó síwájú, mo wé gèlè, ẹ wo ìgboyà olè. Àwọn ọmọ tò jáde, gbogbo wa pàtẹ́wọ́, torí wọ́n dára lójú. Orin bẹ̀rẹ̀, wọ́n rìn, kò sí nǹkan kan. Nígbà tí orin yára tí tíṣà ní kí wọ́n yí, àfi gbàà! Síkẹ́ẹ̀tì là lára gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan di tiwọn mú, àwọn kan sá. Vivian ló wà láàárín. Òun ló wọ ṣòkòtò bọ́ọ̀lù bàbá rẹ̀ sábẹ́, èyí tó ti gbó, tí ìyá rẹ̀ fi okùn fún mọ́ ọn ní ìbàdí, ó sì tóbi jù ú lọ. Ọmọdé ni, kò mọ èyí tí yóò dì mú nínú síkẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò. Pápá bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn, "Ṣòkòtò Bàbá!" Orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Bó bá lọ pọn omi, Ṣòkòtò Bàbá. Bó bá wọ kíláàsì, Ṣòkòtò Bàbá. Ó dé ibi tí kò lọ sí ilé-ìwé yẹn mọ́. Àwọn ìyá ọmọ yòókù ń wá sí ilé wa, wọ́n ń pariwo mọ́ Màmá Vivian ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé aránṣọ tó ń tú ọmọ ọlọ́mọ sí gbangba ni. Mo jáde, mo ń là wọ́n. Mo ń ní, "Ẹ ṣe sùúrù, ẹ̀dá ni." Èmi!

Ẹ dákẹ́, ẹ má tíì kígbe lé mi lórí. Ibẹ̀ gan-an la dé báyìí. Màmá Vivian ká bébà rẹ̀ jọ, ó gbé e wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó kúnlẹ̀, ó tẹ́ bébà náà sórí tábìlì ìgéṣọ mi, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Mo ti wò ó títí, mi ò rí i. Ẹ bá mi wò ó. Ṣé bébà ló ṣì ni, àbí èmi?" Bébà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn wà nínú dúrọ́ọ̀ máṣíìnì mi, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kí n sọ. Mo lè ní bébà ló ṣì. Ìyẹn ò tiẹ̀ ní jẹ́ kí àṣírí mi tú, ọ̀rọ̀ náà á sì fò lórí rẹ̀. Mo wọ dígí ojú mi, mo fi téèpù wọn bébà náà látòkè délẹ̀ bí ọ̀jọ̀gbọ́n, mo mi orí. Mo ní, "Bébà ò ṣì, Màmá Vivian. Ọwọ́ rẹ ni. Àwọn ọwọ́ kan wà tí kò bá aṣọ mu. Bí mo bá tàn ọ́, mo fi ọ́ ṣeré." Ó yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó ń wò wọ́n. Ó wá ní, "Ẹ ṣé, Àǹtí mi, tí ẹ sọ òtítọ́ fún mi." Wọlaí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó fi gbogbo bébà náà sílẹ̀, ti àgbà àti ti ọmọdé, ó ní òun ò fẹ́ rí i mọ́.

Gígé bébà, ìlara ni. Ṣùgbọ́n kí èèyàn kúnlẹ̀ bi mí léèrè, kí n wo ojú rẹ̀, kí n gba ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára rẹ̀, orúkọ wo ni ẹ fẹ́ pe ìyẹn? Kó tó di oṣù mìíràn, ó gbé máṣíìnì rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ ẹ, òun àti Philemon kó lọ sí Ìyànsàn lọ dáko. Èmi tẹ́ bébà àgbà rẹ̀ sílẹ̀, èyí tí n kò gé, mo kọ́ ọ títí mo fi mọ̀ ọ́n. Àwọn oníbàárà padà. Wọ́n ń wá láti Ìlútítun, wọ́n ń béèrè "àróso Mọ̀rìdíyà". Hàwáù bi mí nígbà kan pé, "Ṣé ọkàn rẹ balẹ̀?" Mo ní kó bá mi gé ọ̀pá mẹ́fà nínú àwọ̀ búlúù. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wọ àróso jókòó síbí lónìí, iṣẹ́ Agatha, Màmá Vivian yìí, lẹ wọ̀. Orúkọ mi ni mo kàn fi bò ó.

Nígbà tí Vivian ní òun fẹ́ kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ọ̀dọ̀ mi ni bàbá rẹ̀ mú un wá. Philemon ní, "Àǹtí, ìyá rẹ̀ ní ẹ̀yin lẹ kì í tan èèyàn." Mo gbà á. Mo rò pé bí mo bá kọ́ ọmọ náà dáadáa, ọ̀rọ̀ á tán láàárín èmi àti Ọlọ́run. Ẹ ò rí ọgbọ́n àgbà? Mo sì kọ́ ọ, mi ò fi nǹkan kan pamọ́ fún un. Nínú gbogbo ọmọ tí mo ti kọ́, kò sí èyí tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó ti Vivian. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo sọ fún un bẹ́ẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, mi ò mọ ibi tí mo ti rí i o. Màámi ò lè rán bọ́tìnì." Mo wọ ilé ìwẹ̀ lọ, mo sunkún níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọṣẹ́, ẹ fi fóònù sílẹ̀, ẹ gbọ́ eléyìí. Ẹ ó rí ẹni tó mọ̀ ọ́n ju yín lọ. Dandan ni. Á tilẹ̀ lè jẹ́ ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ ni, á jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá rẹ̀, á máa rán ohun tí ẹ kò lè rán. Ẹ lọ kí i, ẹ bi í léèrè. Ìbéèrè kò pa ẹnikẹ́ni rí. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, igbá tèmi sì rèé lórí mi níwájú yín. Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ gba ipò alága lọ́wọ́ mi lẹ́yìn òní, ẹ gbà á, mi ò ní jà. Láti òní lọ, orúkọ rẹ̀ ni n ó kọ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù mi, Àróso Agatha, ẹni tí kò bá fẹ́ kó lọ sí ibòmíràn.

Vivian, má sunkún sórí aṣọ funfun yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni. Orúkọ tí wọ́n pè ọ́ ní pápá, kì í ṣe ọmọ kíláàsì rẹ ló sọ ọ́. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ náà. Bí o bá ní ọwọ́ mi kò gbọdọ̀ kan àlùmọ́gàjí rẹ, n ó gbé e sílẹ̀, n ó sún sẹ́yìn.

Màmá Vivian. Agatha. Mi ò ní ní kí o dárí jì mí níwájú èrò yìí. Ẹ̀bẹ̀ níwájú èrò, túláàsì ni. Bí o bá kọ̀, wọ́n á ní inú rẹ le. Ẹ̀bẹ̀ tèmi, n ó gbé e wá bá ọ ní Ìyànsàn, n ó kúnlẹ̀ sídìí agbada gàrí rẹ, èmi tí mo dàgbà jù ọ́ lọ. Bí o bá lé mi, n ó lọ, n ó tún padà wá. Ohun tí mo ń bẹ̀ fún lónìí kì í ṣe tèmi. Wò ó. Bébà tẹ́ẹ́rẹ́ náà rèé. Mi ò lè jù ú nù láti ìgbà yẹn, mi ò mọ ìdí rẹ̀. Sẹ́lótéèpù rẹ ṣì wà létí rẹ̀, ó ti pọ́n. Ohun tó kù nínú síkẹ́ẹ̀tì ọmọ rẹ rèé. Bébà ló ṣì, èmi ni mo sì mú un ṣì. Ọwọ́ rẹ ò ṣe nǹkan kan. Ọwọ́ rẹ dáa ju tèmi lọ nígbà yẹn, ìdí tí mo fi ṣe é nìyẹn. Mo bẹ̀ ọ́, yọ ọwọ́ yẹn kúrò lábẹ́ gèlè, kí o wá gbé àlùmọ́gàjí fún ọmọ rẹ.

Ẹ yà fún un. Philemon, má dì í mú. Bó bá fẹ́ gbá mi létí, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ẹ yà fún un, mo ní. Ó ti dé. Ó gba bébà lọ́wọ́ mi, ó ń wò ó. Ó tì í bọ àpò. Ó ti gba àlùmọ́gàjí. Kò wo ojú mi, kò sì pọn dandan. Kí ló ń wá? Ẹ fún un lómi. Ó ta omi sí áńkáṣíìfù rẹ̀, ó ń gé e. Kí ló wí? Ẹ dákẹ́ níbẹ̀ yẹn, ẹ jẹ́ n gbọ́.

Ó ní kò mú. Ó ní ta ló pọ́n ọn.

Èmi ni, Màmá Vivian. Èmi ni mo pọ́n ọn. Bá ọmọ rẹ tún un pọ́n.